Kíbọ́ọ̀dù Kò Kú, Pásíwọ́ọ̀dù Kò Sọnù

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan gbogbo ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù kí ó tó jí. Kì í ṣe pásíwọ́ọ̀dù tí a fi ń wọlé lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti jí tán ni mò ń wí. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni, tó máa ń jáde lójú ẹ̀rọ tó dúdú kirimú, nígbà tí Windows tàbí Linux gan-an kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá ti háàdì dísìkì rẹ̀ pa, tó sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ di àdììtú tí ẹnikẹ́ni kò lè kà láìní kọ́kọ́rọ́, mọ ibi tí mò ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, onítọ̀hún á tẹ pásíwọ́ọ̀dù tó ti ń tẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rọ á sì dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́, tàbí kí ó ní pásíwọ́ọ̀dù náà kò tọ̀nà. Ẹjọ́ méjì ni a sábà máa ń dá lórí irú ọ̀ràn yìí. Àwọn kan á ní kíbọ́ọ̀dù ti kú. Àwọn yòókù á ní ẹni tó ni ẹ̀rọ ló gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Èmi ń sọ pé àìmọ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń jí ló ń mú wa sáré dá ẹjọ́ méjèèjì, àti pé ẹni tó bá tẹ̀ lé wọn láìwádìí lè pàdánù gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ láìnídìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí kíbọ́ọ̀dù ń ṣe. Kíbọ́ọ̀dù kò mọ A, kò mọ B. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì kan, nọ́ńbà ipò tí bọ́tìnnì náà wà ló ń fi ránṣẹ́. Lẹ́tà tí wọ́n yà sórí rẹ̀, ojú àwa èèyàn nìkan ló wà fún. Ètò tó bá wà nídìí ẹ̀rọ lásìkò náà ló gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà yìí, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí lẹ́tà. Gbígbà ọ̀tọ̀, títúmọ̀ ọ̀tọ̀. Tí kò bá sí ètò tó lè gba nọ́ńbà náà, kíbọ́ọ̀dù tó yè á ṣe bí òkú. Tí ètò kan bá gbà á, àmọ́ tó túmọ̀ rẹ̀ gba ibòmíràn, pásíwọ́ọ̀dù tó tọ̀nà á di èyí tí kò tọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ètò kan ṣoṣo ló ń jókòó nídìí ẹ̀rọ láti ìgbà tí ẹ bá ti tàn án. BIOS ló ń kọ́kọ́ jí, tàbí UEFI tó rọ́pò rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé. Òun á fa ẹ̀rọ lé ètò kékeré kan lọ́wọ́, GRUB sì ni èyí tó wọ́pọ̀ jù lórí Linux. GRUB á gbé kernel, tí í ṣe ọkàn Linux, sínú mẹ́mórì, pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní initramfs. Inú àpò yìí ni ìbéèrè pásíwọ́ọ̀dù ti sábà máa ń jáde. Ìgbà tí ẹ bá dáhùn rẹ̀ tán ni Ubuntu tàbí Debian tí ẹ mọ̀ á tó jí. Ilé ọlọ́nà mẹ́rin ni, aṣọ́nà kọ̀ọ̀kan sì ní èdè tirẹ̀: pé ti ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ẹ wí kò ní kí ti ẹnu ọ̀nà kẹta gbọ́ ọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún náà, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde fún Windows 11, KB5066835 ni wọ́n pè é. Àwọn tó gbà á sórí ẹ̀rọ wọn rí i pé kíbọ́ọ̀dù àti máòsì tó ń lo USB ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ nínú Windows. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wọ ibi tí Windows ti ń tún ara rẹ̀ ṣe, èyí tó jẹ́ ètò kékeré ọ̀tọ̀ tó máa ń jí nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, kíbọ́ọ̀dù kan náà kò dáhùn mọ́. Microsoft fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ó sì gbé àtúnṣe pàjáwìrì jáde ní ọjọ́ 20 oṣù kan náà. Wáyà kò yí padà, ihò USB kò yí padà, ìka tó ń tẹ̀ ẹ́ náà kò yí padà. Ètò tó wà nídìí ẹ̀rọ nìkan ló yàtọ̀. Ẹni tó bá sáré lọ ra kíbọ́ọ̀dù USB tuntun láàárín ọjọ́ mẹ́fà yẹn fi owó ṣòfò ni, nítorí tuntun náà kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Lórí Linux, àpò irinṣẹ́ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni ibi tí ọ̀ràn ti máa ń wáyé. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó kéré ni. Dráífà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kernel gbọ́ ohun tí ohun èlò kan ń sọ, pọ̀ lọ jàra. Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò yìí, á wúwo. Nítorí náà, Arch Linux ní ìgbésẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní autodetect: nígbà tí wọ́n bá ń di àpò náà, ó máa ń wo ohun èlò tó wà lára ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn, á kó dráífà tiwọn, á sì yọ ti àwọn yòókù sílẹ̀. Fedora náà ní irú ìlànà yìí nínú dracut. Ọgbọ́n tó dára ni, àfi lọ́jọ́ tí ohun èlò bá yí padà. Ká ní kíbọ́ọ̀dù ara láàpútọ́ọ̀pù nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń di àpò, tí ẹ wá so kíbọ́ọ̀dù USB mọ́ ọn lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ tirẹ̀ títí dísìkì á fi ṣí. Ìdí nìyí tí ìwé ìlànà Arch fi ń gbani nímọ̀ràn pé kí a to keyboard ṣáájú autodetect nínú ìlà tí wọ́n ti ń to àwọn ìgbésẹ̀ náà, kí dráífà gbogbo kíbọ́ọ̀dù lè wọ inú àpò kí autodetect tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan sílẹ̀. Debian ń kó èyí tó pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ yí ìlà MODULES láti most sí dep, tó ń kó kìkì ti ohun èlò tó wà lára ẹ̀rọ, ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ọ̀ràn kan náà wá sílé. Kíbọ́ọ̀dù ara láàpútọ́ọ̀pù gan-an kò bọ́ nínú ewu. Àwọn MacBook kan wà tí kíbọ́ọ̀dù wọn ń gba ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní SPI, ti láàpútọ́ọ̀pù Surface sì ní dráífà tirẹ̀ tó ṣàjèjì; bí dráífà wọn kò bá sí nínú àpò, kíbọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ á dákẹ́ nígbà tí ti USB tí ẹ so mọ́ ọn á máa ṣiṣẹ́. Ti Bluetooth kò yẹ ká pẹ́ lórí rẹ̀: kó má ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ká fọkàn sí, àfi tí ẹnìkan bá dìídì ṣiṣẹ́ lé e lórí.

Nígbà míì, kernel kọ́ ló jẹ̀bi. Àwọn UEFI kan ní ohun tí wọ́n ń pè ní Fast Boot. Kí ẹ̀rọ lè tètè jí, ó máa ń fo jíjí USB kọjá, GRUB kò sì ní gbọ́ kíbọ́ọ̀dù USB rárá. Bí GRUB bá jẹ́ ẹni tó ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù, tí ẹnì kan ti ìpín boot tí kernel wà gan-an pa, ẹ ti há nìyẹn. Ẹ pa Fast Boot nínú BIOS kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ohunkóhun mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí títúmọ̀, nítorí òun ló sún mọ́ àwa ọmọ Yorùbá jù. Ìlànà tí a fi to lẹ́tà sórí kíbọ́ọ̀dù kò dọ́gba káàkiri ayé. Ti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ètò tó ń kọ́kọ́ jí máa ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ohun mìíràn fún un. GRUB ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará wa ní Kétu, Àjàṣẹ́ àti Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin, àti àwọn tó wà ní Tógò, kíbọ́ọ̀dù Faransé ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, èyí tí A rẹ̀ wà níbi tí Q ti Amẹ́ríkà wà, tí W rẹ̀ sì wà níbi tí Z wà. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tẹ "awa" fún aṣọ́nà tó gbọ́ ti Amẹ́ríkà nìkan, "qzq" ni onítọ̀hún á gbọ́. Ti nọ́ńbà tún burú jù. Lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé, a gbọ́dọ̀ di Shift mú kí a tó rí nọ́ńbà tó wà ní ìlà òkè. Lójú ìlànà ti Amẹ́ríkà, ẹni tó di Shift mú tó tẹ 2 ti tẹ @ nìyẹn. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí níbi tí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì fi @ sí, àmì ọ̀rọ̀ àyọlò ni ti Amẹ́ríkà fi síbẹ̀, tí àwọn méjèèjì kàn ṣe pàṣípààrọ̀ àyè. Láàpútọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tó bá ti Jámánì wá sí Computer Village ní Ìkẹjà, Y rẹ̀ wà ní àyè Z. Ohun tó ń dójú tini jù nínú gbogbo èyí ni pé a kì í rí lẹ́tà tí a ń tẹ̀. Ìràwọ̀ kéékèèké ni ẹ̀rọ ń fi hàn, tàbí kó má fi nǹkan kan hàn rárá, oníkálùkù á sì máa búra pé pásíwọ́ọ̀dù òun lòun tẹ̀. Òótọ́ ló ń sọ. Ìka rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó ń ṣe ètò wọ̀nyí mọ̀ nípa rẹ̀, wọn kò sì fi pamọ́. Bí ẹ bá ń fi VeraCrypt ti dísìkì tí Windows wà lórí rẹ̀ pa, ìlànà lẹ́tà ti Amẹ́ríkà ni á fi dandan mú yín lò nígbà tí ẹ bá ń yan pásíwọ́ọ̀dù, nítorí ó mọ̀ pé ìlànà yẹn nìkan ló máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i. Microsoft tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé BitLocker, tí Windows fi ń ti dísìkì pa, pé nọ́ńbà 0 sí 9 kì í ṣiṣẹ́ lórí gbogbo kíbọ́ọ̀dù kí Windows tó jí, àti pé àwọn bọ́tìnnì F1 sí F10 ló dá wọn lójú lórí gbogbo ẹ̀rọ, ní gbogbo èdè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí a lè fi F1 tẹ 1, kí a sì fi F10 tẹ òdo. Bí ilé-iṣẹ́ tó ni Windows bá lè sọ pé òun kò fọkàn tán bọ́tìnnì 7 lásìkò yẹn, kí ló mú wa dá ara wa lójú tó bẹ́ẹ̀?

Ẹnì kan lè bi mí pé: ṣé ká má fi Yorùbá ṣe pásíwọ́ọ̀dù ni? Kò burú láti fi Yorùbá ṣe é. Àmì ló lè dá wàhálà sílẹ̀. Linux ní ìlànà kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà, ó sì ní ẹ̀yà Yorùbá nínú rẹ̀, tí ẹ fi lè tẹ ẹ, ọ àti ṣ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè kọ ẹ ní ọ̀nà méjì: bí lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní àmì lábẹ́, tàbí bí e lásán tí a fi àmì kún lẹ́yìn rẹ̀. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú LUKS, tí Linux fi ń ti dísìkì pa, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, torí pé nọ́ńbà tí a fi pa lẹ́tà mọ́ ló ń wò, kì í wo àwòrán lẹ́tà. Ẹ fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kún un, ìṣòro á tún pọ̀ sí i. Ìmọ̀ràn àwọn tó ń ṣe cryptsetup, irinṣẹ́ LUKS, ni pé kí a dúró sórí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán. Ó dùn mí pé ẹ̀rọ tí ayé fi ń yangàn kò lè gba àmì ohùn wa lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kọ́ ni ibi tí a ti ń ja ìjà yẹn. Ẹ kọ gbólóhùn Yorùbá gígùn láìfi àmì sí i, ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tí kò bára tan, kí ẹ sì fi gígùn rẹ̀ rọ́pò àwọn àmì dídíjú tí ń sọnù lọ́nà.

Báwo wá ni èèyàn á ṣe mọ èyí tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, gbígbà tàbí títúmọ̀? Ẹ tẹ Caps Lock nígbà tí ìbéèrè pásíwọ́ọ̀dù bá wà níwájú yín. Lórí Linux, kernel ló ń pàṣẹ fún iná kékeré tó wà lára bọ́tìnnì yẹn. Bí iná bá tàn tó sì kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kernel ń gbọ́ yín, títúmọ̀ ni kí ẹ dojú kọ. Bí iná kò bá mira, tí kíbọ́ọ̀dù náà sì jẹ́ irú èyí tó ní iná, ó ṣeé ṣe kí dráífà rẹ̀ má sí níbẹ̀. Ẹ tún ẹ̀rọ tàn, ẹ dúró lórí GRUB, kí ẹ tẹ c. Àyè kan á ṣí tí ẹ ti lè rí lẹ́tà tí ẹ ń tẹ̀ lójú ara yín. Bí kíbọ́ọ̀dù bá ń kọ̀wé níbẹ̀ tó wá dákẹ́ níwájú ìbéèrè pásíwọ́ọ̀dù, ẹ ti rí i dájú pé kò kú. Bí ọ̀ràn náà bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí Linux gba kernel tuntun, ẹ yan kernel àtijọ́ nínú àkójọ GRUB; àpò irinṣẹ́ tirẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà, ó sì sábà máa ń ṣí. Ẹ wọlé, kí ẹ tún àpò tuntun dì. Lórí Debian àti Ubuntu, update-initramfs ni àṣẹ rẹ̀. Bí kò bá sì sí èyí tó ṣí, ẹ fi Linux orí fíláàṣì tan ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ pásíwọ́ọ̀dù sójú ìwé lásán kí ẹ fi rí i, kí ẹ tó fi ṣí dísìkì láti ibẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní wàhálà yìí pọ̀ jù, kí a má kàn ti dísìkì pa mọ́. Èmi kò gbà. Wọ́n ń jí láàpútọ́ọ̀pù gbé nínú ọkọ̀ àti ní ọ́fíìsì. Ẹni tó bá jí èyí tí a kò tì, orúkọ àwọn oníbàárà yín àti ìwé owó yín ló kó lọ. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni aráàlú tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 2023 dárúkọ irú ìtìpa yìí lára àwọn ọ̀nà tí ẹni tó ń tọ́jú ìsọfúnni àwọn èèyàn lè gbà dáàbò bò ó. Àtakò tó lágbára ju èyí lọ ni ti àwọn tó ní kí a jẹ́ kí TPM, ìyẹn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tó lè tọ́jú kọ́kọ́rọ́, máa ṣí dísìkì fúnra rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù sì tán síbẹ̀. Ó dára ní ọjọ́ tí gbogbo nǹkan bá dára. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí àtúnṣe tó ní àṣìṣe láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, dá ẹ̀rọ Windows dúró kárí ayé, tí Microsoft fojú bù ú sí mílíọ̀nù 8.5, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó fi BitLocker ti dísìkì wọn pa kò rí ọ̀nà wọlé àfi kí wọ́n fọwọ́ tẹ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà tó jẹ́ nọ́ńbà 48, lórí ẹ̀rọ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ní Ọsirélíà, ilé-iṣẹ́ kan lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àmì iye owó ara ọjà láti tẹ àwọn nọ́ńbà náà, torí pé kíbọ́ọ̀dù ni kọ̀ǹpútà ka òun náà sí. TPM sún ọjọ́ tí a máa nílò kíbọ́ọ̀dù síwájú ni, ọjọ́ burúkú ló sì sún un sí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò pọ̀. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù kejì tó jẹ́ lẹ́tà lásán kún ti àkọ́kọ́. LUKS àkọ́kọ́ ní àyè fún mẹ́jọ, LUKS2 sì ní àyè fún 32, kò sí ìdí tí èèyàn á fi gbára lé ẹyọ kan. Ẹ fi luksHeaderBackup da orí dísìkì náà, ìyẹn ibi tí LUKS kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí, kọ, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn. Bí ọjọ́ náà bá sì dé, tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ tọ ẹni tó ń tún un ṣe lọ, ẹ bi onítọ̀hún bóyá ó ti wo iná Caps Lock, bóyá ó ti dán kernel àtijọ́ wò, àti irú ìlànà lẹ́tà tó wà níbẹ̀. Dísìkì tí a tì pa tí wọ́n bá ti fọ́ọ́mátì, tí ẹ kò sì ní ẹ̀dà orí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnjiníà kankan má lè dá ohun inú rẹ̀ padà láyé. Ẹni tó bá ní fọ́ọ́mátì ló kàn kí ó tó dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀rọ yín lọ́wọ́ rẹ̀.